Ẹranko aláwọ̀ aró tí ọmọ rí létíkun: ṣé a lè sìn ín nílé?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi rí ẹranko kékeré kan létíkun Sẹ̀mẹ̀. Kò tó ìka ọwọ́, ó ní àwọ̀ aró, àwọn ohun tó dà bí ìyẹ́ sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé e sínú ike wálé, ó sì fẹ́ bu omi ọ̀sà sí i kó lè máa sìn ín. Ṣé kò léwu? Ìyá ọmọ kan, Àjàṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹ ti ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, ó jọ Glaucus atlanticus, ọ̀kan lára àwọn ìgbín òkun tí kì í ní ìkarahun bí wọ́n bá dàgbà. Kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ.

Oró ara rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ látilẹ̀wá. Ó máa ń jẹ Physalia physalis, ẹranko tó ń léfòó bí àpò afẹ́fẹ́, tí okùn gígùn tó ń ta ni sì rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí ìgbín yìí bá jẹ ẹ́ tán, ṣe ni yóò kó àwọn abẹ́rẹ́ oró inú okùn náà pamọ́ sí ṣóńṣó ìyẹ́ tí ọmọ yín rí yẹn, oró náà sì lè ta ènìyàn kódà lẹ́yìn tí ìgbín náà bá ti kú.

Ojú agbami ni ó ń gbé, kì í ṣe ìsàlẹ̀ òkun bíi ti ọ̀pọ̀ ìgbín òkun yòókù. Ó máa ń gbé afẹ́fẹ́ mì sínú ikùn, á wá fẹ̀yìn lé omi: ikùn rẹ̀ aláwọ̀ aró kọjú sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà kọjú sísàlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tó ń wò láti òkè àti ẹja tó ń wò láti ìsàlẹ̀ kò fi ní tètè rí i. Èyí wù mí púpọ̀ nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀. Ìgbì àti atẹ́gùn ló ń gbé e kiri, nítorí náà bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti òkun wá, ó lè gbé e jù sórí iyanrìn.

Omi ọ̀sà Àjàṣẹ́ yóò pa á, nítorí omi odò Wẹ̀mẹ̀ ń ṣàn wọ inú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ kò sì tó ti òkun. Bí ẹ tilẹ̀ bu omi òkun sí ike, oúnjẹ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Bí ó bá ti ta ọmọ, ẹ fi omi òkun ṣan ojú ibẹ̀, ẹ má fi aṣọ tàbí iyanrìn ra á. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó ki ibẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara rẹ̀ lè gbà fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Kí àgbà kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán omi náà wò. Bí kò bá lè mí dáadáa, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ń wú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.