Ìdí tí géèmù ogun kan fi ń dunni tí òmíì ò sì dunni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pa ọ̀tá rẹpẹtẹ nínú géèmù kan tí kò ṣe yín ní nǹkankan, àmọ́ tẹ́ ẹ pa ẹyọ kan nínú òmíì tí ọkàn yín ò balẹ̀ mọ́. Lójú tèmi o, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, bóyá ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń ṣe é fún ni.

Ẹ wo This War of Mine, 2014 ló jáde, àwọn ará Poland ló ṣe é, ìdótì Sarajevo, olú ìlú Bosnia (1992 sí 1996), ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ kì í ṣe sójà níbẹ̀, ará ìlú mélòó kan tébi ń pa lẹ ń darí, ẹ sì máa ń rán ẹnì kan nínú wọn lọ wá oúnjẹ. Ilé kan wà tí bàbá arúgbó kan àti ìyàwó ẹ̀ ń gbé, oúnjẹ àti oògùn wọn wà ńlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yìnbọn lù yín, bàbá yẹn á kàn máa tẹ̀ lé yín kiri, á máa bẹ̀ yín. Ẹ kó o tán, ẹ délé, ẹni tẹ́ ẹ rán lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́, tó bá burú kò ní fẹ́ ṣe nǹkankan mọ́.

Battlefield 1 (2016) náà gbìyànjú níbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti kú, orúkọ sójà yẹn àti ọdún tí wọ́n bí i àti èyí tó kú á jáde, àmọ́ kò pẹ́ tó ti padà sí ìbọn yíyìn tata-tata.

Spec Ops: The Line ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń yìn ín gan-an torí ibi tẹ́ ẹ ti ń ju fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun, ìyẹn kẹ́míkà tó ń jóni, tẹ́ ẹ wá rí i pé ará ìlú lẹ jó pa. Èmi ò gbà pátápátá, torí géèmù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá tẹ́ ò bá jù ú, ẹ̀bi wo ló wá kù tèmi níbẹ̀? Ti bàbá arúgbó yẹn, èmi ni mo yàn án.