Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Mi Ò Ṣe Ìwádìí Ní Láàbù Rí, Ṣé Wọn Yóò Gbà Mí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́rin tí èmi àti àwọn òbí mi ti ń gbé ní Houston, a sì ti gba green card, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ní Amẹ́ríkà títí lọ. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan níbí. Ó wù mí láti wọ ètò ìwádìí ìgbà ooru tí wọ́n ń pè ní REU, ṣùgbọ́n mi ò ṣe ìwádìí ní láàbù rí, mo gba D, máàkì tó kéré, nínú ẹ̀kọ́ kan lọ́dún tó kọjá nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ojú sì ń tì mí láti lọ bá olùkọ́ fún lẹ́tà ìjẹ́rìí. Ìyá mi náà ní kí n má torí ìwádìí fi iṣẹ́ owó sílẹ̀. Mo fi ohun tí mo ti kọ sínú fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má bínú pé kò jinlẹ̀, mà. Ohun tó mú mi fẹ́ràn kẹ́mísírì kò ju pé ìyá mi àgbà máa ń fi álọ́ọ̀mù sínú omi kànga tó bá rú, tí omi náà yóò sì tòrò, tí ẹnikẹ́ni nílé kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi.
— Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Houston

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ láàbù ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Àjọ National Science Foundation ti ìjọba Amẹ́ríkà ló dá ètò REU sílẹ̀ ní ọdún 1987, òun ló sì ń fún àwọn yunifásítì lówó kí wọ́n lè gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn olùwádìí. Ìlànà àjọ náà ní kí ó kéré tán ìdajì àwọn tí wọ́n bá gbà wá láti ilé-ẹ̀kọ́ tí àǹfààní ìwádìí kò ti pọ̀, ó sì ka kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì mọ́ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card ni wọ́n ń gbà, nítorí náà o yẹ. Irú rẹ gan-an ni wọ́n fi owó yìí sílẹ̀ fún.

Mo ka ohun tí o kọ. O bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: “Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, mo sì fẹ́ ran ayé lọ́wọ́.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè kọ ọ́, ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù kò sì ní rí ọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù tí o torí rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Horo ẹrẹ̀ kéékèèké tó ń mú kí omi kànga rú ní agbára iná òdì lára; nítorí pé irú kan náà ni gbogbo wọn gbé, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn, wọn kò sì lè ṣù pọ̀ kí wọ́n rì. Álúmínọ́ọ̀mù inú álọ́ọ̀mù ló ń pa agbára òdì yẹn, tó sì ń di ìṣùpọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń kó wọn mọ́ra títí wọn yóò fi wúwo, tí wọn yóò sì sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí a ti mọ èyí tán ni ìbéèrè ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Omi tó tòrò ṣì lè ní kòkòrò àrùn nínú. Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ ìwọ̀n álọ́ọ̀mù tó yẹ fún kànga kan? Kí ló ń ṣẹ́ kù sínú omi bí a bá fi púpọ̀ jù sí i? Kọ ohun tí o rí lọ́dọ̀ ìyá rẹ àgbà, kọ ìbéèrè tó bí nínú rẹ, lẹ́yìn náà kí o sọ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tàbí méjì ní yunifásítì náà tó kan omi, àti ohun tí o fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Má ṣe fi gbólóhùn kan náà ránṣẹ́ sí ibi gbogbo.

Ní ti lẹ́tà ìjẹ́rìí, mo mọ ibi tí ìtìjú rẹ ti wá. A tọ́ wa pé ọmọ kì í yọjú sí àgbà tí kò pè é. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ a máa ya wákàtí sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé bá a ní ọ́fíìsì. Àkókò tìrẹ ni, kì í ṣe àfojúdi bí o bá lò ó. Lọ síbẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí o lọ bi í ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ tó ń kọ́ yín, kí ó lè mọ̀ ọ́ kí o tó béèrè ohunkóhun. Olùkọ́ tó mọ bí o ṣe ń ronú sàn fún ọ ju olókìkí tó kàn mọ orúkọ rẹ lọ. Fún un ní oṣù kan ààbọ̀ láti fi kọ lẹ́tà náà, kí o sì fún un ní èsì ìdánwò rẹ àti ohun tí o kọ. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń ti fọ́ọ̀mù wọn láàárín oṣù kìn-ín-ní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, lẹ́tà tó bá sì pẹ́ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Má ṣe fi D yẹn pamọ́. Gbólóhùn méjì tó: pé o ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà náà, àti ohun tí o ti yí padà.

Jọ̀wọ́, ka ìpínrọ̀ yìí sí ìyá rẹ létí. Wọ́n ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́ REU, ó sábà máa ń tó $600 lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ibi sì ń pèsè ilé tàbí owó ilé, wọ́n sì ń ṣèrànwọ́ owó ọkọ̀. Ẹ jókòó ṣírò rẹ̀ papọ̀ sí ohun tí iṣẹ́ alẹ́ ń mú wá. Nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́wàá péré ni ibì kọ̀ọ̀kan ń gbà, kọ̀wé sí ibi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Bí ibi méje bá kọ̀ ọ́, kì í ṣe ìdájọ́ lórí ọpọlọ rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi wà ní ọdún kẹta, máíkíróbáọ́lọ́jì ló ń kọ́, níbí ní Nàìjíríà. Ṣé òun náà lè gba irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀?
— Òbí kan, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Rárá, sà, kì í ṣe REU, nítorí òfin green card tí mo sọ lókè. Ṣùgbọ́n Okinawa Institute of Science and Technology ní Jàpáánì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè gbogbo fún iṣẹ́ ìwádìí oṣù díẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ bùkátà ọkọ̀ òfuurufú wọn. Kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó lo IT rẹ̀ dáadáa, ìyẹn àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níta ilé-ẹ̀kọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ tó fi oṣù mẹ́fà IT jókòó sí ibi tí wọ́n kàn ń rán an níṣẹ́. Kó kọ̀wé sí ACEGID, ilé ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn, ní Redeemer's University, Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn kòrónà ní Áfíríkà ní oṣù kẹta ọdún 2020, tàbí sí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Kó kọ ìbéèrè tí òun ní sínú lẹ́tà náà, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ fún ọmọ Houston, kó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀, sà. Ẹ má bá a kọ ọ́.