Ìbéèrè àti ìdáhùn: Kí ló dé tí kóòdù mi ò rí 14 286?

Ìbéèrè, láti Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àwa méje la fẹ́ pín 100 000 CFA nínú ẹgbẹ́ wa. Excel kọ 14 286 sí iwájú kálukú, mo sì ti yọ àwọn nọ́mbà ẹ̀yìn kọ́mà kúrò. Síbẹ̀, kóòdù VBA mi (àṣẹ tí mo kọ fún Excel), If Range("B4").Value = 14286, tó ń bèèrè bóyá 14286 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì (àpótí) B4, ò ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ní kí n fi .Text rọ́pò .Value. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ò yọ nǹkan kan kúrò. Ẹ kàn ní kí Excel má fi hàn yín ni. Ẹ yí sẹ́ẹ̀lì yẹn sí Standard nínú Format de cellule, ẹ fẹ kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ díẹ̀, 14285,71429 lẹ máa rí. Òun ni kóòdù ń bá pàdé, ẹ wá ń bi í bóyá 14286 ni. Rárá ló máa sọ.

Ọ̀rọ̀ .Text yìí ló ń bí mi nínú. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé e wá bá mi ní Àjàṣẹ́ níbí. Ohun tójú rí lórí sẹ́ẹ̀lì ni .Text ń mú wá, kì í ṣe iye tó wà nínú rẹ̀. Bí kọ́lọ́ọ̀mù bá fún jù, #### ló máa gbé fún yín! Èwo ni kóòdù fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Àlàfo tó wà láàárín 14 àti 286 náà, lórí Excel onífaransé, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ máa wo méjèèjì, wọ́n á jọra, kóòdù á ní wọn ò bára mu. Ẹni tó fi .Text yẹ owó wò ń wá wàhálà.

.Value fúnra rẹ̀ lè tan èèyàn. Bí fómátì sẹ́ẹ̀lì (ìrísí tí Excel fi ń gbé nọ́mbà hàn) bá jẹ́ Monétaire, ìyẹn ti owó, ó lè gé iye náà sí nọ́mbà mẹ́rin lẹ́yìn kọ́mà. .Value2 ò ka fómátì sí, òun ni kẹ́ ẹ lò.

Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti jẹ́ Texte kí ẹ tó tẹ nọ́mbà sí i, ọ̀rọ̀ ló kà á sí. Ẹ yí i sí Standard, kò ní yí padà àfi tí ẹ bá tún un tẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti pín owó gan-an ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe: =ARRONDI(100000/7;0). ARRONDI ló ń sọ iye náà di odidi nọ́mbà gan-an. Ṣùgbọ́n 14 286 lọ́nà méje jẹ́ 100 002. Ẹni mẹ́fà á gba 14 286, ẹnì kan á gba 14 284. Ẹ jọ sọ ọ́ pẹ̀lú akápò yín. Mi ò tíì rí fáìlì yín o, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó jẹ́ kí kóòdù kankan fọwọ́ kàn án.