Kí o tó gbé ọ̀pá titanium yẹn sẹ́nu lathe

Àbúrò, o ní ẹnì kan tó ń po bílíìṣì ní Òṣogbo níbí gbé ọ̀pá kan wá bá ọ, pé titanium ni, kí o bá òun yọ ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ̀rọ) ti ẹ̀rọ tó ń fa bílíìṣì nínú rẹ̀. O fẹ́ mọ̀ bóyá titanium ni lóòótọ́, àti bóyá lathe rẹ, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gé e, á ká a. Òkè-Baálẹ̀ ni mo ti ń fi lathe jẹun, irin yìí sì ti jẹ tool (ọ̀bẹ tí lathe fi ń gé irin) lọ́wọ́ mi kó tó yé mi.

Má gba ti ẹnu onírin àjákù gbọ́. Irin tó bá ti fúyẹ́ díẹ̀ tó sì ń dán, titanium ni wọ́n máa pè é kí owó rẹ̀ lè gòkè. Máńgínẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó, torí ọ̀pọ̀ stainless náà ni kì í mú. Gé ègé kan tó tó ìka, wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà. Bu omi sínú ife tó ní ìlà, ju ègé náà sí i, kí o wo iye mìlílítà tí omi fi gòkè. Pín iye gíráàmù sí iye mìlílítà yẹn. Bó bá já sí nǹkan bíi 4.5, ọkàn rẹ lè balẹ̀. Irin lásán àti stainless máa ń sún mọ́ 8, aluminiọ́mù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 2.7 lọ. Tún fi kan òkúta grinder: iná funfun báláú ni titanium ń ta, ti irin máa ń pọ́n rúsúrúsú, aluminiọ́mù kì í ta iná rárá.

Bó bá yege, oníbàárà rẹ mọ ohun tó ń ṣe. Bílíìṣì máa ń dá ihò sí stainless lára, ṣùgbọ́n kò rí titanium gbé ṣe, torí awọ tín-ín-rín kan ló fi bo ara rẹ̀. Bí a bá ha á, òmíràn á bò ó lójú ẹsẹ̀. Gáàsì chlorine tó gbẹ nìkan ni kó má jẹ́ kó kàn án, iná ló máa ń dá sílẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ pákí ni, stainless ni mi ò bá ní kó rà.

Wàyí o, iṣẹ́. Kì í ṣe líle rẹ̀ ló ń pa tool, ooru ni. Titanium kì í jẹ́ kí ooru gba ara òun kọjá bọ̀rọ̀, nítorí náà ẹnu tool ni gbogbo rẹ̀ ń dà lé. Wàá rí i tí ẹnu náà á pọ́n, á dúdú, èérún irin á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀pá náà bá fẹ̀ tó 40 mm, tí tool rẹ sì jẹ́ HSS (high-speed steel, irin tí wọ́n fi ń ṣe tool), má jẹ́ kó kọjá nǹkan bíi 120 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Pọ́n tool kó mú ṣáṣá, kó jẹ wọlé dáadáa. Bó bá dúró tó ń ha ojú kan, ibẹ̀ á le sí i. Kí coolant, omi tó ń tu tool lára, máa dà ṣáá. Ọ̀pá tó gùn máa ń sá fún tool, fi tailstock, apá ẹ̀yìn lathe tó ń di òpin ọ̀pá mú, ti ìdí rẹ̀.

Èérún wẹ́wẹ́ rẹ̀ máa ń gbiná. Bó bá gbiná, má da omi sí i o! Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan nígbà tí ọmọ iṣẹ́ kan dà á: ó bú gbàmù, ìpéǹpéjú ọmọ náà jó lọ. Yanrìn gbígbẹ ni kó wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Ní ti ẹni tó ní kí o lọ ra titanium ní Jos, ilmenite, òkúta tí titanium wà nínú rẹ̀, wà lóòótọ́ nínú yanrìn tí àwọn awa-tánńganran fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èédú àti ẹwìrì kò lè sọ ọ́ di irin. Chlorine ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà magnesium, nínú ìkòkò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ọ̀nà tí onímọ̀ irin kan, William Kroll, là nìyẹn ní nǹkan bíi 1940. Èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta náà kì í tilẹ̀ di irin, ẹ̀tù funfun inú ọ̀dà ilé àti ọṣẹ ìfọyín ló ń dà.

Kí o tó gé ọ̀pá náà, béèrè irú bùṣì tí ṣáàfù máa yí nínú rẹ̀. Bí titanium bá ń yí nínú titanium, wọ́n á gbá ara wọn mú. Kí o sì ka owó tool mọ́ owó iṣẹ́ rẹ.