Ajá Òyìnbó Fẹ́ Wá Lo Ọyẹ́ ní Èfọ̀n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá Olóòtú. Ọmọ Èfọ̀n-Alààyè ni mí, Manchester ni mò ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òtútù ibí ti ń wọ̀ mí léegun, mo sì ti parí ilé kékeré tí mò ń kọ́ sílé, mo fẹ́ máa wá lo Nòfẹ́ńbà sí Máàṣì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá mi ló kù. Golden retriever ni, ọmọ ọdún mẹ́fà, irun ẹ̀ kún bíi ti àgùntàn, òun nìkan ni mo sì ń bá gbé látìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú. Àbúrò mi ní kí n fi sílẹ̀, pé ooru á pa á. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n fá irun ẹ̀ ká tó wá? — Ìyá Ajá

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú oríire ilé, ilé á tura o. Ẹ má fá irun yẹn rárá. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí hẹlẹhẹlẹ kára ẹ̀ tó tutù, irun yẹn ló sì ń gba oòrùn fún awọ ẹ̀, ẹ ṣá máa yà á dáadáa kí èyí tó ti kú jáde. Èfọ̀n kì í ṣe Èkó, orí òkè lẹ wà, tí ọyẹ́ bá dé ẹ̀yin gan-an lẹ máa wá suwẹ́tà láàárọ̀. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ máa mú un jáde kí aago méje àárọ̀ tó lù àbí lẹ́yìn mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá títì ti gbóná jù, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà, tẹ́ ò bá lè gbé e síbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ò lè gbà á.

Àmọ́ ooru kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún yín, ìwé ìpadà ni. Àwọn èèyàn wa á sáré kiri torí ìwé àṣẹ tí wọ́n máa fi gbé ajá wọ Nàìjíríà (ẹ gba tiyín kẹ́ ẹ tó gbéra o, àwọn quarantine, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ẹranko wò ní pápákọ̀ òfuurufú, máa béèrè ẹ̀ ní Ìkẹjà), wọn ò ní rántí pé ajá máa padà. Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi, torí náà ajá tó bá ń tibí lọ gbọ́dọ̀ ní èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi hàn pé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti mú un dáadáa, tí ò dín ní 0.5 IU/ml. Microchip, ohun kékeré abẹ́ awọ tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá, ni wọ́n á kọ́kọ́ fi sí i lára kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó kéré tán ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ tún máa ka oṣù 3 látọjọ́ tí wọ́n fà á. Ẹ wá wò ó, tó bá jẹ́ Fẹ́búárì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, tíkẹ́ẹ̀tì á wà lọ́wọ́ yín ní Máàṣì, ajá ò ní lè lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á ní Manchester ní Sẹ̀tẹ́ńbà, oṣù 3 yẹn á ti pé kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀ kọjá láìgún òmíì, torí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lẹ máa padà sí. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa lọ, dókítà ẹran á fún un lóògùn aràn láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó wọ ìlú wọn, kágò ló sì máa wọ̀ o, wọn kì í jẹ́ kó bá yín jókòó wọ̀lú.

Eégbọn ló kàn. Ajá tó dàgbà ní Manchester ò mọ eégbọn ilé wa rí, eégbọn pupa rúsúrúsú yìí ò sì mọ sínú koríko, á gun ògiri, á wọ ihò sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ lá ti yé. Òun ló ń kó àwọn kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní babesia àti ehrlichia wọnú ẹ̀jẹ̀ ajá. Lálaalẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé itan yín, ẹ la àárín ọmọ ìka ẹ̀ wò, ẹ wo inú etí, abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn, ìdí ìrù. Tí erìgì ẹ̀ bá funfun, tí ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n bíi kọfí, ẹ má dúró dọjọ́ kejì, Adó kúkú ní dókítà ẹran, ọ̀ràn tó bá le jù bẹ́ẹ̀ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ìlọrin. Oògùn eégbọn oníhóró bíi NexGard tàbí Bravecto, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ da ọ̀tápíápíá sí i lára, ẹ lé e jáde jàre, nǹkan tó ń pa eégbọn yẹn ń pa ajá náà. Aṣọ tó ń sùn lé, ẹ má sá a sórí koríko, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, eṣinṣin kan wà tó ń yé sáṣọ tútù, ìdin ẹ̀ á sì wọnú awọ.

Oúnjẹ ò le. Ẹ kó tiẹ̀ díẹ̀ dání, ẹ máa po tibí mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Èkìtì la wà, ẹ máa rẹ́ni tó máa ju òkèlè iyán ọlọ́bẹ̀ sí i, ẹ kọ̀, àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Lálẹ́, ẹ ti géètì: àwọn tó ń jẹ ajá wà, àwọn tó ń fi bọ Ògún wà, ṣé ẹ mọ̀ pé Ìrè ò jìnnà sí wa. Tí bángà Kérésì bá bẹ̀rẹ̀, inú yàrá ni kó wà, kẹ́ ẹ tan rédíò sókè.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó ọmọ mi, òyìnbó ni, ń kó ajá bọ̀ ní Kérésì, wọ́n ní orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Ṣé mo lè ní kó sùn síta? — Bàbá Ìkéré

ÌDÁHÙN: Bàbá, ilé yín ni, àmọ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ ṣáà fún wọn ní yàrá tó ní fáànù. Ewúrẹ́ yín ni kẹ́ ẹ so mọ́lẹ̀, torí ajá tí ò rí ewúrẹ́ rí, eré lá fi í ṣe títí ewúrẹ́ á fi já sínú kànga. Ẹ sì béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ káwọn ọmọ ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa á lórí.