"Nemawashi": kí ni igi ṣe kan ìpàdé?

Ẹnìkan tó ń kọ́ èdè Jàpáàn, tó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́, béèrè pé: "Ọ̀gá mi ní kí n lọ ṣe nemawashi kí ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo wo ìwé atúmọ̀-èdè, gbòǹgbò igi ni mo bá níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni igi ṣe kan ìpàdé?"

Ìwé yín ò purọ́. "Ne" ni gbòǹgbò. "Mawashi" wá láti ara "mawasu", kí á yí nǹkan po. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọgbà ni.

Igi tó ti dàgbà, ọ̀nà jíjìn ni gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó fi ń fa omi máa ń wà. Bí wọ́n bá hú u lójijì láti lọ gbìn ín síbòmíràn, inú ilẹ̀ ni gbogbo ìyẹn ṣẹ́kù sí, igi á sì rọ. Nítorí náà, bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ṣáájú, nígbà mìíràn ọdún méjì, olùtọ́jú ọgbà á gbẹ́ ilẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká. Á gé púpọ̀ nínú gbòǹgbò náà. Á dá díẹ̀ sí nínú àwọn tó nípọn kí igi má baà ṣubú, àmọ́ á bó èèpo wọn yí po. Á wá da erùpẹ̀ padà. Ojú ibi tó gé tó sì bó yẹn ni gbòǹgbò tuntun, tín-ín-rín bí irun, ti máa yọ. Lọ́jọ́ tí igi bá ń lọ, ó ń gbé wọn dání.

Ohun tí ọ̀gá yín ń sọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú ìpàdé ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ àbá yín. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá ẹni tí iṣẹ́ náà máa ni lára. Ẹ gbọ́ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú, kí ẹ sì tún àbá náà ṣe. Kì í ṣe rìbá, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. "Fi ọ̀rọ̀ lọ̀" tiwa sún mọ́ ọn, àmọ́ lójú tèmi, kò gbé àkókò inú rẹ̀ yọ: gbòǹgbò kì í yọ lóru ọjọ́ kan. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "nemawashi o shite oku". "Oku" ní kí á gbé nǹkan kalẹ̀. Níbí, ó dà bí "sílẹ̀" tiwa nínú "mo ti se ọbẹ̀ sílẹ̀". Tí àbá bá wá fọ́ nínú ìpàdé torí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ ṣáájú, wọ́n á ní "nemawashi busoku" ni: gbòǹgbò ò tíì tó.