Èsì: Ọwọ́ ta ni owó àlejò ń bọ́ sí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé owó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń sún olówó àti tálákà mọ́ra. Kì í sábàá rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo Kúbà, erékùṣù tí àwọn Lùkùmí wà, ìyẹn àtọmọdọ́mọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, ẹbí wa.

Nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti Rọ́ṣíà, tó ń ran Kúbà lọ́wọ́, túká ní 1991, ebi wọ ìlú. Ní 1993, ìjọba Kúbà gba ará ìlú láyè láti máa ná dọ́là, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Bí nǹkan ṣe dorí kodò nìyẹn. Nígbà yẹn, owó oṣù dókítà, tó ń gbà ní pésò, owó Kúbà, kò ju nǹkan bí 20 sí 30 dọ́là lọ. Ẹni tó ń gbé ẹrù àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì lè rí iye yẹn láàárín ọjọ́ mélòó kan, nínú ohun tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Àwọn olùkọ́ pa ṣọ́ọ̀kì tì, wọ́n lọ ń wa takisí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ilé. Láti 1997, onílé lè gba ìwé àṣẹ láti háyà yàrá fún àlejò. Ta ló nílé ní àdúgbò tó wu àlejò? Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù. Àwọn náà ló sábà ní ẹbí ní Miami, ní Amẹ́ríkà, tó ń fi dọ́là ránṣẹ́ láti kun ilé, láti ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ń lu bàtá fún àlejò títí ọwọ́ á fi bó, wọn ò sì ní yàrá kan tí wọ́n lè háyà.